Irun Tó Ń Rẹ̀, Irorẹ́ Tí Kò Lọ: Ayurveda àbí Oògùn Dókítà Awọ Ara?

Ẹni tí irun ń rẹ̀ lórí àti ẹni tí irorẹ́ ò fi lójú sílẹ̀ sábà máa ń pàdé níwájú àtẹ kan náà. Àtẹ ọ̀hún lè wà nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà ní Southall nílùú London, ó sì lè jẹ́ orí fóònù yín ló wà: ìgò òróró bhringraj, ìyẹ̀fun èso amla, ọṣẹ neem, ìpara ata ilẹ̀ pupa (turmeric). Ilé oògùn tó wà lójú títì kan náà ń ta minoxidil fún irun àti benzoyl peroxide fún irorẹ́. Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?" Èrò tèmi ni pé kò sẹ́ni tó lè dá yín lóhùn àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fà á gan-an. Ayurveda dára fún àwọn kan nínú àwọn ìṣòro yìí. Fún àwọn mìíràn, àkókò ló máa fi ṣòfò, bẹ́ẹ̀ irun mìíràn wà tó jẹ́ pé bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, kò tún ní hù mọ́.

Ojú tí oníkálukú fi ń wò ó

Ayurveda ni ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara: vata tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́, pitta tó jẹ́ ti ooru, àti kapha tó tutù tó sì wúwo. Bí ọ̀kan bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn dé nìyẹn. Khalitya ni wọ́n ń pe orí pípá. Wọ́n ní pitta tó gbóná kọjá ààlà, pẹ̀lú vata, ló ń tú irun nídìí. Kapha àti ẹ̀jẹ̀ á wá dí ihò tí irun tuntun ìbá gbà jáde. Ní ti irorẹ́, kapha, vata àti ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Sushruta Samhita, ọ̀kan lára àwọn ìwé àtijọ́ wọn, fi irorẹ́ wé ẹ̀gún ara igi shalmali. Igi yẹn bá pọ́npọ́lá tiwa tan, ẹni tó bá sì ti rí ẹ̀gún ìdí pọ́npọ́lá rí á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ti fara balẹ̀ wo ojú aláìsàn.

Dókítà awọ ara ní tirẹ̀ á sọ pé họ́móònù ló ń mú kí awọ máa pèsè òróró púpọ̀, pé awọ tó ti kú á dí ihò, kòkòrò àìfojúrí á máa bí sí i níbẹ̀, ibẹ̀ á sì wú. Orí pípá tí a ń jogún, họ́móònù akọ ló ń mú kí gbòǹgbò irun máa tín-ín-rín sí i díẹ̀díẹ̀, títí irun tó ń jáde á fi dà bí irun ọwọ́.

Kí a tó máa fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn ará Íńdíà. Vaidya, ìyẹn oníṣègùn Ayurveda, kì í ṣe ẹni tó ń ta òróró lásán. Ọdún márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì. Ní Kottakkal, ní ìpínlẹ̀ Kerala, ilé ìwòsàn Ayurveda kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1902, tó ṣì ń gba aláìsàn títí dòní. Vaidya á wo ahọ́n yín, á fọwọ́ ba iṣan ọrùn ọwọ́ yín, á bi yín bí ẹ ṣe ń sùn, bí inú yín ṣe ń yà, àti ohun tí ẹ ń jẹ. Ó lè fún yín ní oògùn tó máa fọ inú, ó lè kán òróró sí yín nímú, ó tiẹ̀ lè fi eṣúṣú fa ẹ̀jẹ̀ lára irorẹ́ tó wú. Ìgò òróró jẹ́ ẹ̀ka kékeré kan lára gbogbo èyí. Ẹni tó ra ìgò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò rí ìyàtọ̀ kò tíì rí Ayurveda. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí irun rẹ̀ hù lẹ́yìn ìgò kan, kó má tètè gbé gbogbo ọpẹ́ fún ìgò náà.

Irun: èwo ló ń ṣe yín?

Ẹ mú irun tó bọ́ sórí kóòmù, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí kókó funfun kékeré bá wà níbẹ̀, láti gbòǹgbò ló ti wá. Bí kò bá sí, tí irun náà sì kúrú ju torí yín lọ, ṣe ló já láàárín. Irun 50 sí 100 ló ń rẹ̀ lórí ènìyàn lójúmọ́ láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà, obìnrin tó tú irun tó ti dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó sì rí ìdìpọ̀ irun lọ́wọ́, kó má ṣe bẹ̀rù: irun gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ló pé jọ síbẹ̀.

Irun tó ń *já* ni Ayurveda ti lágbára jù lọ. Fífi òróró pa orí, kí ẹ sì rọra fọwọ́ rà á, jẹ́ ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé, òróró àgbọn ni wọ́n sì fẹ́ràn jù ní Kerala. Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí kan ní Mumbai fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì. Ti àgbọn nìkan ni kò jẹ́ kí irun pàdánù púróténì tó bó ṣe máa ń pàdánù bí a bá ń fọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta òróró àgbọn làwọn olùwádìí náà ń bá ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n àlàyé wọn bọ́gbọ́n mu: òróró àgbọn máa ń wọ inú irun, òróró epo rọ̀bì kì í wọ̀ ọ́. Minoxidil kò ní iṣẹ́ kankan níbí. Irun wa tó ká kókó máa ń gbẹ, ó sì máa ń tètè já, nítorí náà òróró á wúlò fún un dáadáa. Ẹ ṣáà ka ara ìgò. Bí orúkọ tó ṣáájú lára ohun tó wà nínú òróró amla bá jẹ́ paraffinum liquidum, òróró epo rọ̀bì lẹ fẹ́ fowó rà yẹn.

Irun tó ń rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́yìn ibà tó le, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ohun yòówù kí ẹ máa fi pa orí lásìkò yẹn, òun ló máa gba ọpẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí "òróró yìí ṣiṣẹ́ fún mi" ti ń wá, mi ò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìyá ọlọ́mọ lè fi òróró àgbọn pa orí bó ṣe wù ú. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó lọ sílẹ̀, nítorí irun kì í dúró dáadáa lórí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó.

Iwájú orí tó ń ṣí lọ sẹ́yìn lára obìnrin ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, ó sì dùn mí pé òróró ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ràn án. Irun dídì tó fún jù, àtàṣímẹ́ǹtì tó wúwo, wígì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú orí ló ń fa irun náà nídìí. Ẹ ó kọ́kọ́ rí àwọn kókó wẹ́wẹ́ létí irun, orí á máa dùn yín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dì í. Bí ẹ bá ní láti lo paracetamol torí irun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ẹ padà sọ́dọ̀ onídìrí kó tú u. Bí ẹ bá tètè jáwọ́, irun náà á hù padà láàárín oṣù mélòó kan, bhringraj wà tàbí kò sí. Bí ó bá pẹ́ jù, ibẹ̀ á di àpá: á máa dán, ẹ ò sì ní rí ihò irun níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà, òróró Íńdíà ò ràn án, minoxidil náà ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

Orí pípá àjogúnbá, ti ọkùnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ iwájú àti àtàrí, ti obìnrin tí ojú ìlà irun rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, ibí gan-an ni ìjà wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni minoxidil tẹ́lẹ̀. Irun ń hù lára àwọn tó ń mu ún, ni wọ́n bá sọ ọ́ di oògùn tí a ń fi pa orí, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1988. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ti fi dán an wò. Bhringraj ní tirẹ̀ jẹ́ ewéko tó ń hù nílẹ̀ wa náà. Abíkolo ni àwọn àgbà kan ń pè é. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2008 ní Íńdíà fi hàn pé irun àwọn eku tí wọ́n fá, tí wọ́n sì fi oje rẹ̀ pa, tètè hù ju ti àwọn tí wọn ò fi pa lọ. Ẹ̀rí tó dára ni, àmọ́ eku tí wọ́n fá irun rẹ̀ ni. Kì í ṣe bàbá tí irun ti ń tán lórí rẹ̀ láti ogún ọdún.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, minoxidil ni màá ní kí wọ́n yàn fún irú eléyìí, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀. Irun díẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ìyàtọ̀ tó hàn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dáwọ́ dúró, ohun tó hù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lè mú kí irun hù lójú obìnrin. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó. Finasteride, oògùn oníhóró tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún orí pípá ọkùnrin lọ́dún 1997, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti gbà á. Obìnrin tó lè lóyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan èyí tó fọ́. Bhringraj kò ní wàhálà báyìí, ó sì rọrùn láti ra, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé á mú irun padà sórí tó ti ń dán.

Nǹkan méjì ni kò yẹ kí òróró kankan dé ibẹ̀ kí dókítà tó rí i. Ọ̀kan ni lápálápá orí ọmọdé, èyí tó rí roboto, tó ń pa èépá, tó sì ń yún un. Oògùn tí wọ́n ń gbé mì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń wò ó. Ìkejì ni àárín orí obìnrin tó ń jó o, tó ń dùn ún bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí irun ibẹ̀ sì ń tán lọ lóbìírípo. Àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ni èyí sábà máa ń ṣe, àpá ló sì ń dá sórí. Gbogbo oṣù tí ẹ bá fi ń pa òróró sí i ni irun ń bá lọ.

Irorẹ́

Neem ni dongoyaro tí a mọ̀. Àwọn ará Íńdíà ń lọ ewé rẹ̀ bojú, wọ́n ń po ata ilẹ̀ pupa, wọ́n ń lo gbòǹgbò manjistha láti fi "fọ ẹ̀jẹ̀". Nínú ilé ìwádìí, neem ń pa kòkòrò àìfojúrí, ata ilẹ̀ pupa sì ń mú kí wíwú rọlẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ènìyàn kò pọ̀, àwọn tó sì wà kéré. Èyí tó wù mí jù nínú wọn jáde lọ́dún 1994: wọ́n fún àwọn aláìsàn 20 tí irorẹ́ wọn le ní tetracycline tàbí oògùn tí wọ́n fi oje igi guggul ṣe, fún oṣù mẹ́ta. Àbájáde méjèèjì sún mọ́ra, àwọn tí ojú wọn ń yọ òróró tilẹ̀ gbádùn guggul jù. Àmọ́ ogún ènìyàn kò tó láti fi dá ẹjọ́.

Benzoyl peroxide àti adapalene, oògùn irorẹ́ mìíràn tí a ń fi pa ojú, ní ẹ̀rí tó pọ̀ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá ni kí ẹ fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ benzoyl peroxide láti 2.5%, nítorí awọ dúdú tí oògùn bá jó máa ń fi àpá dúdú san án padà. Á pa aṣọ àti ìrọ̀rí yín láwọ̀ dà, ẹ wá ìrọ̀rí funfun. Ní Amẹ́ríkà, ẹ lè ra adapalene 0.1% láìsí ìwé dókítà láti ọdún 2016. Ní Britain, ìwé dókítà ni. Aboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Irorẹ́ wẹ́wẹ́, tó ń wá tó ń lọ: ẹ lè gbìyànjú neem fún oṣù kan tàbí méjì, kò burú. Èyí tó le, tó wà nínú awọ lọ́hùn-ún, tó ń dùn yín, ẹ má fi ewé dúró dè é. Ihò tó bá dá sójú kì í dí mọ́ bọ̀rọ̀. Irú èyí ni wọ́n ń lo isotretinoin fún, oògùn tó lágbára, tó sì lè sọ ọmọ inú oyún di aláàbọ̀ ara, nítorí náà obìnrin tó bá ń lò ó kò gbọ́dọ̀ lóyún rárá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ ló ń dùn wá ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ìkánjú láti mú un kúrò ló ń ti ènìyàn sínú ìbóra. Kíríìmù "oní-ewéko" tó bá mú irorẹ́ rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ojú sì ń pọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fura pé steroid, oògùn líle kan tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá jáwọ́, irorẹ́ á padà wá pẹ̀lú agbára. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń ní kí a pò mọ́ ata ilẹ̀ pupa náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó ń jó awọ.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀nà méjèèjì fẹnu kò sí ibì kan, wọ́n sì yapa níbòmíràn. Vaidya á ní kí ẹ dín ohun díndín, iyọ̀ àti ohun kíkan kù. Ní Ọsirélíà, lọ́dún 2007, àwọn olùwádìí mú ọ̀dọ́kùnrin 43, wọ́n sì fún àwọn kan ní oúnjẹ tí kì í tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Irorẹ́ tiwọn dínkù ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ dínkù. Wàrà ni wọ́n ti yapa: Ayurveda ka wàrà àti ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́, sí oúnjẹ tó ń tú ara lára, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí ló rí i pé irorẹ́ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń mu wàrà.

Níbi tí ìtọ́jú irun ti ń ba ojú jẹ́

Lọ́dún 1970, àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà kọ nípa irorẹ́ tó ń sú síwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú àwọn adúláwọ̀ tó ń fi pòméèdì pa irun. Òróró àgbọn lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí irorẹ́ yín bá pọ̀ sí iwájú orí àti ibi tí ìrọ̀rí ti ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo irun kí ẹ tó ra oògùn ojú. Ẹ fi òróró sí ara irun, kó má dé etí irun níwájú orí. Ẹ ṣe é ní wákàtí kan kí ẹ tó fọ orí, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ sì fọ ojú lẹ́yìn orí. Ẹ má fi sùn.

Ohun tí ẹ ń gbé mì

Ibí ni mi ò ti ní ṣe ojúsàájú. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004 yẹ ọjà Ayurveda 70 tí wọ́n ń tà ní Boston wò: 14 nínú wọn ní òjé, makúrì tàbí arsenic. Lọ́dún 2008, wọ́n yẹ 193 tí wọ́n rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wò, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló tún rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kan nínú Ayurveda, rasa shastra, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi irin àti òkúta sí oògùn, ìwọ̀nyẹn ló sì burú jù nínú ìwádìí kejì. Nítorí náà, ohun tí ẹ fi ń pa ara ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Oògùn oníhóró tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá bí ẹ bá lóyún tàbí bí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín yín bá ní ìṣòro. Ashwagandha tí àwọn kan ń gbé mì fún irun ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn mìíràn jẹ́. Ẹ má sì fún ọmọ kékeré ní òróró neem mu láé. Ó ti pa ọmọ ọwọ́ rí.

Bí méjèèjì bá dé lẹ́ẹ̀kan náà

Obìnrin tí irun orí rẹ̀ ń fẹ́lẹ́, tí irorẹ́ ń sú sí àgbọ̀n, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé, tí irùngbọ̀n sì ń hù fún un, kó má ṣe yan òróró, kó má sì yan ìpara. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ họ́móònù tirẹ̀ ló dàrú, ilé ẹyin rẹ̀ náà sì lè wà nínú ọ̀ràn ọ̀hún. Bákan náà ni ọkùnrin tó ń gún abẹ́rẹ́ tó ń mú kí iṣan yọ: abẹ́rẹ́ yẹn ń fa irorẹ́, ó sì ń mú kí orí tètè pá. Dókítà á ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún họ́móònù, fún táírọ́ìdì àti fún irin inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò dání sínú àpò, ìgò Íńdíà, àgbo ilé, kíríìmù ilé oògùn, kí wọ́n lè rí ohun tó ń wọ ara yín kí wọ́n tó fi òmíràn kún un.